Dádì Ìkẹjà ní èló ni tẹlisikóòpù tó wọ́n jù

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Kérésì dé, gbogbo wa ti kóra jọ sílé bàbá wa àgbà n'Íjẹ̀bú-Òde bá a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, àwọn ará Èkó ti fi mọ́tò dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń hó, àwọn ìyá wa ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ bí ẹni pé odindi ìlú kan ló ń bọ̀ wá jẹun. Èmi ti gbé tẹlisikóòpù mi, awò tí mo fi ń wo ìràwọ̀, lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tẹ́nikẹ́ni ò fà mọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni iná ò dé. Ibẹ̀ ni Dádì Ìkẹjà ti wá bá mi, pákò lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú Dádì Ìkẹjà nínú ẹbí yín á mọ irú ẹni tí mò ń wí. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ilẹ̀ àti ilé ni wọ́n ń tà, wọn ò sì lè rí nǹkan kí wọ́n má béèrè iye owó ẹ̀. Ẹ ra bàtà, èló ni? Ẹ bímọ, èló ni ọsibítù gbà? Wọ́n lọ síbi òkú lẹ́ẹ̀kan, pósí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í díyelé.

Wọ́n wo tẹlisikóòpù yẹn yíká, wọ́n fọwọ́ gbá a, wọ́n ní èló lèyí? Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní hẹn, kò burú. Wọ́n wá ní èló wá ni èyí tó wọ́n jù, tí irú ìwọ yìí, tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì, tó kàn fẹ́ràn ìràwọ̀, lè rà? Mo ní Dádì, àwọn kan wà tó jẹ́ owó ilé. Wọ́n ní ilé níbo? Ilé n'Íjẹ̀bú àbí ilé ní Lẹ́kí?

Mo ro ó díẹ̀, mo ní Lẹ́kí.

Pákò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ṣé orí àwọn tó ń rà á pé ṣá? Mi ò rí èsì gidi fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kàn ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò jẹ́ n gbádùn látìgbà yẹn, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Lẹ́ǹsì awò ojú ni mò ń gé ní Ṣágámù, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí. Wọ́n á yẹ ojú yín wò, wọ́n á kọ nọ́ńbà, èmi á gé lẹ́ǹsì tó bá nọ́ńbà yẹn mu kó lè wọnú férémù. Ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé oníbàárà á sanwó férémù láì janpata, torí ó ń dán, orúkọ wà lára ẹ̀, àwọn èèyàn á rí i lójú wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá wá kan lẹ́ǹsì, ariwo dé, "Háà, gíláàsì lásán yìí!" Gíláàsì lásán yẹn náà mà lẹ fi ń ríran o.

Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ lẹ́ǹsì tí ò ní fọ́ torí ó lọ́mọ kékeré nílé, mo fún un ní polycarbonate, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ó padà dé tìbínú-tìbínú, ó ní bóun bá ń wakọ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tóun bá fẹ̀gbẹ́ ojú wo iná mọ́tò tó ń bọ̀, òun ń rí àwọ̀ búlúù àti pupa létí iná náà, pé ayédèrú ni mo tà fóun. Kì í ṣe ayédèrú o, bí lẹ́ǹsì yẹn ṣe rí nìyẹn. Gbogbo gíláàsì ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká sí àwọ̀ oríṣiríṣi, bí ti òṣùmàrè, kàn jẹ́ pé àwọn kan ń fọ́n ọn ju àwọn kan lọ. Àwa tá a wà nídìí ẹ̀ ní nọ́ńbà tá a fi ń mọ̀ ọ́n, Abbe là ń pè é, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ò ṣe ní fọ́n ká. Polycarbonate wà ní 30. CR-39, plastic tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń ka èyí lọ́wọ́lọ́wọ́, wà ní 58. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí tẹlisikóòpù kan tó ń jẹ́ Questar, torí òun ló kọ́kọ́ kó sí mi lórí. Lawrence Braymer lorúkọ ọkùnrin tó ṣe é, ní New Hope, ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, 1954 ló gbé e jáde. Nǹkan kékeré báyìí ni o! Ẹnu ẹ̀ ò ju mílímítà 89 lọ, agolo mílíìkì oníyẹ̀fun fẹ̀ jù ú lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó rin ju mítà kan lọ nínú ọ̀pá gígùn ni wọ́n ká pọ̀ sínú ẹ̀ bí ẹni ká ìró. Wọ́n ya máàpù òṣùpá sára ẹ̀, wọ́n ya máàpù ìràwọ̀ sára ìbòrí tó wọ̀ ọ́ lórí, mọ́tò kékeré kan wà nídìí ẹ̀ tó ń rọra yí i tẹ̀lé ìràwọ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣe tán, gbogbo ẹ̀ á wọnú àpótí kékeré kan tẹ́ ẹ lè gbé dání wọ mọ́tò. Láwọn ọdún 1950 yẹn, 995 dọ́là ni wọ́n ń tà á, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì owó yẹn á ra mọ́tò tuntun fún èèyàn l'Amẹ́ríkà. Títí dòní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Ẹ fúnra yín ẹ sọ ọ́ di náírà, èmi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Ṣé ó tó iye yẹn? Bó bá jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni, kò tó o. Iṣẹ́ tẹlisikóòpù àkọ́kọ́ ni kó gba ìmọ́lẹ̀ jọ, bíi garawa tẹ́ ẹ gbé síta kó gbe òjò, bí ẹnu ẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó lòjò ṣe máa wọ̀ ọ́. Ọmọlójú wa nínú òkùnkùn biribiri ò fẹ̀ ju bíi mílímítà 7 lọ. Questar ń gba ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 160 ti ojú lásán, èyí dáa, àmọ́ tèmi tí mo rà ní tòkunbọ̀, ẹnu ẹ̀ jẹ́ mílímítà 130, ó ń gbà ju ìlọ́po 300 lọ, owó tí mo rà á ò sì ra àpótí Questar lásán. Nítorí náà ẹwà lẹ̀ ń san owó ẹ̀, ẹwà àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é.

Ibi tí Dádì Ìkẹjà ti máa ní "mo sọ bẹ́ẹ̀" nìyẹn. Ẹ dúró ná o, Dádì. Aṣọ òkè tí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ régbérégbé yín wọ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lábẹ́ oòrùn, ṣé òtútù ló ń mú yín? Ẹṣin tí àwọn ìdílé Balógun ń gùn wọ pápá lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìrù, ṣé wọn ò rí ọ̀kadà ni? Ọmọ Ìjẹ̀bú ò yẹ lẹ́ni tá à ń ṣàlàyé Questar fún jàre.

Àmọ́ o, àwọn kan wà tí owó wọn kì í ṣe ti ẹwà, ibẹ̀ ni èmi onílẹ́ńsì ti ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ rántí nọ́ńbà wa. Tẹlisikóòpù onílẹ́ǹsì ní ìṣòro oníbàárà mi yẹn gẹ́lẹ́, ẹ wo òṣùpá nínú èyí tí ò wọ́n, ẹ máa rí ìlà àwọ̀ àlùkò létí ẹ̀ yíká, ẹ wo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ẹ máa rí i nínú èéfín búlúù. Ọgbọ́n tí wọ́n ti ń dá láti nǹkan bí igba ó lé àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni kí wọ́n to lẹ́ǹsì oríṣi méjì pọ̀, kí èkejì ká ohun tí èkíní fọ́n padà. Ìyẹn ṣe bẹbẹ, kò sì tó. Wọ́n wá rí fluorite. Kì í ṣe gíláàsì gan-an, kírísítálì ni, Abbe tiẹ̀ sún mọ́ 95. Èmi tí mo ń fi 58 yangàn! Èyí tó ń jáde látinú ilẹ̀ kì í sábà tóbi kó sì mọ́ tó fún lẹ́ǹsì ńlá, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná, wọ́n á wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má bàa sán. Canon tó ń ṣe kámẹ́rà fi sínú lẹ́ǹsì wọn ní 1969, láàárín àwọn ọdún 1970 sì ni Takahashi, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, mú un wọnú tẹlisikóòpù fún àwọn èèyàn bíi tiwa. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Zeiss ní ìlú Jena náà ṣe tiwọn, APQ ni wọ́n pè é, lẹ́ǹsì mẹ́ta tò léra, fluorite wà láàárín, òróró sì wà láàárín wọn kó má bàa sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990 wọ́n jáwọ́ nínú tẹlisikóòpù àwọn aráàlú, wọn ò ṣe é mọ́, ẹni tó bá ní APQ lónìí ń tọ́jú ẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí la wá rí nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé kò sí nǹkan kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Etí òṣùpá á dúró funfun lórí dúdú bí ẹni fi abẹ gé e. Ìràwọ̀ á dà bí orí abẹ́rẹ́. Ṣẹ́ ẹ rí i pé ó ṣòroó tà? Ohun tí kò sí níbẹ̀ lẹ̀ ń sanwó fún! Ẹni tó ń ta Takahashi á ní ẹ san ju 10,000 dọ́là lọ fún èyí tó ga díẹ̀, lẹ́ǹsì àti ọ̀pá nìkan o, ẹsẹ̀ tó máa dúró lé ò sí nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Bí mo bá gé lẹ́ǹsì tó fi ìdá mẹ́wàá mílímítà kan ṣìnà, ó ṣì lè wọ férémù, oníbàárà ò ní mọ̀. Jígí tẹlisikóòpù tó dáa, àṣìṣe ojú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bí ìdá ẹgbẹ̀rún kan irun orí èèyàn lọ. Irun kan o, ẹ là á sọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rọ á ṣe é dé ibì kan, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ àti sùúrù, kẹ́ ẹ ha á díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tún ha á. Roland Christen wà n'Illinois l'Amẹ́ríkà, 1975 ni òun àti ìyàwó ẹ̀ dá Astro-Physics sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlisikóòpù, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì fi ṣe àṣekágbá ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì wọn. Ìwọ̀nba tó ń jáde ò pọ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ sì pọ̀ bí eṣú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀ nígbà yẹn, àwọn kan sì dúró bí ọdún mẹ́wàá kó tó kàn wọ́n. Ọdún mẹ́wàá! Ẹni tó kọ orúkọ nígbà tí ọmọ ẹ̀ wà ní pírámárì, ọmọ yẹn á ti jáde yunifásítì. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tẹ́ni tó rà á bá tún un tà, owó tòkunbọ̀ ẹ̀ lè ju owó tuntun lọ, torí ẹni tó ń rà á ò fẹ́ tò sórí ìlà. Ẹ sọ ọjà míì tí tòkunbọ̀ ti wọ́n ju tíà-rọ́bà lọ fún mi.

Mo ka èyí fún ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní "Ọmọ yìí, àwa la ò mọ owó gbà."

Gbogbo èyí tí mo ti ń kà yìí, ilé n'Íjẹ̀bú ni, kódà yàrá kan àti pálọ̀. Ilé ní Lẹ́kí wà lọ́dọ̀ PlaneWave, àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 2006. Jígí làwọn fi ń gba ìmọ́lẹ̀ jọ, kì í ṣe lẹ́ǹsì, torí lẹ́ǹsì tó bá ti tóbi jù á wúwo débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra ẹ̀. Tẹlisikóòpù wọn tó ń jẹ́ CDK700, ẹnu ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, owó ẹ̀ ju 200,000 dọ́là lọ. Èyí tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ mítà kan gbáko, ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ. Yunifásítì ló ń rà wọ́n jù, àmọ́ àwọn olówó tí kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ náà ń rà á, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á jókòó sílé wọn nílùú míì, wọ́n á máa fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀ látòkèèrè. Àwọn ìyẹn ò tiẹ̀ ń fojú ara wọn wò ó mọ́, kámẹ́rà ló ń wò ó fún wọn. Èmi ò lè ṣe ìyẹn láéláé, kí n ra ẹran kí n sì máa wo fídíò ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ohun tẹ́nikẹ́ni kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tẹlisikóòpù lè wọ́n ju tẹlisikóòpù lọ. Ayé ń yí, àbí? Torí ẹ̀ ni ìràwọ̀ kì í fi í dúró sójú kan, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kíá ló ti sá jáde. Ẹsẹ̀ gidi gbọ́dọ̀ máa yí padà lọ́nà òdìkejì, kó yí ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56, láì gbọ̀n, láì fà, ní gbogbo òru. Àwọn tó ń ya fọ́tò ìràwọ̀ á ra ẹsẹ̀ kan tó ń jẹ́ Paramount, èyí tó tóbi nínú ẹ̀ ju 10,000 dọ́là lọ, wọn ò sì tíì ra tẹlisikóòpù tó máa gùn ún o. Ẹṣin lásán nìyẹn, ẹni tó máa gùn ún ṣì ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ló dé bá èmi náà. Tèmi tí mo rà ní tòkunbọ̀ l'Ékòó, ó ní irú ẹsẹ̀ yẹn, èyí tí ò wọ́n, ẹni tó tà á fún mi búra pé pípé ló wà. Pípé ló wà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ṣe é fún wa. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí ìràwọ̀ àríwá kó tó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀, bí ìràwọ̀ àríwá sì ṣe ga tó lójú ọ̀run dọ́gba pẹ̀lú bí ìlú yín ṣe jìnnà tó sí equator, ìlà tó la ayé láàárín. Ní New York ó ga tó dígírì 40, ẹ ò lè ṣì í. N'Íjẹ̀bú-Òde, kò tó dígírì 7! Ẹ̀yìn ilé àwọn ará àdúgbò ló wà, ẹ̀yìn tánkì omi, ẹ̀yìn igi obì. Ẹsẹ̀ mi sì ti dúró ní dígírì 20, kò lọ sísàlẹ̀ mọ́, irin ti kan irin. Ẹni tó ṣe é ò rò pé èèyàn kan ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú máa lò ó. Mo gbé ẹsẹ̀ méjì tó wà lápá gúúsù sórí búlọ́ọ̀kù kí orí ẹ̀ lè tẹ̀ sí àríwá, ó tẹ̀ lóòótọ́, ó tẹ̀ débi pé òun àti tẹlisikóòpù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ọlọ́run yọ jígí inú ẹ̀, àmọ́ ìka ẹsẹ̀ mi ò yọ.

John Dobson ló gbà mí. Mọ́ńkì ni bàbá yìí, ní California, inú ilé àwọn mọ́ńkì ló ti ń yọ́ ṣe tẹlisikóòpù, gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ojú omi ló fi ń ha jígí, bébà líle ló fi ń ṣe ọ̀pá, títí wọ́n fi lé e jáde torí kì í sábà sí nílé. Ní 1968 òun àtàwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e síta lójú títì, "ẹ wá wo òṣùpá, ọ̀fẹ́ ni." Ẹsẹ̀ tó dá ò ju àpótí pákó kan tó ń yí lórí fọ́máíkà àti Teflon lọ. Kò pọn dandan kó kọjú sí àríwá, kò pọn dandan kó kọjú síbì kankan, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ gbé e sókè, ó parí. Kò gba owó oókan lórí ẹ̀, ó ní kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe é. 2014 ló kú, ẹni ọdún 98.

Mo gbé àwòrán ẹ̀ lọ bá káfíńtà àdúgbò mi ní Ṣágámù. Ó wò ó, ó ní "Bọ̀ọ̀dá onígíláàsì, àpótí spíkà nìyí àbí?" Mo ní rárá, ti ìràwọ̀ ni. Ó wò mí, ó wo òkè, kò bèèrè nǹkan míì mọ́, ó gé plywood, ó lẹ fọ́máíkà tó ṣẹ́kù lára kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan mọ́ ọn, ọjọ́ kejì ó ti ṣe tán. Fọ́máíkà yẹn ní àwọ̀ igi máhógánì, ó rẹwà ju bó ṣe yẹ lọ. Owó iṣẹ́ ẹ̀ ò tó owó lẹ́ǹsì kan.

Nínú irú àpótí Dobson yìí náà ni Mike Clements, awakọ̀ àjàgbé kan ní Utah, gbé jígí tó fẹ̀ ju mítà kan àtààbọ̀ lọ sí ní 2013, ínǹṣì 70, jígí tí wọ́n ṣe fún sátẹ́láìtì amí tẹ́lẹ̀, ó wúwo tó nǹkan bí 400 kílò. Awakọ̀ o! Kì í ṣe ọlọ́lá kankan. Àkàbà lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ ti máa fojú wò ó. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ni mo máa yàn láàárín ìyẹn àti ilé ní Lẹ́kí, mo ti ń wá bàtà tí màá fi gun àkàbà.

Òtítọ́ ibẹ̀ tún ni pé kò sí èyí tẹ́ ẹ máa gbé wá síbí tí ojú ọjọ́ ò ní bá jà. Láti June títí wọ October, ìkùukùu. Ọyẹ́ dé, ìkùukùu lọ, eruku bo gbogbo ẹ̀, fluorite ò mọ eruku. Afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ń mì, bí atẹ́gùn tó ń gorí títì lọ́sàn-án, ó ń ba àwòrán jẹ́, bí ẹnu tẹlisikóòpù bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ìmì yẹn ṣe ń hàn nínú ẹ̀. Àti iná. Èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe ń rí lára, kẹ́ ẹ ti fi ogún ìṣẹ́jú jẹ́ kí ojú yín mọ òkùnkùn lára, kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan fífẹ́lẹ́ kan tẹ́ ẹ ti ń wá láti oṣù tó kọjá, kí gbogbo àdúgbò wá pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", kí gílóòbù gbogbo ojúlé tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé ń fò, ìyá ń dúpẹ́, èmi ń ṣépè lábẹ́ igi obì.

Ẹ má wá rò pé àánú ara mi ń ṣe mí o. Ní April tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eruku kúrò, mo máa ń tẹ tèmi sí gúúsù, mo ń rí Omega Centauri, ìràwọ̀ bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá tó rọ́ jọ bí gààrí Ìjẹ̀bú nínú abọ́. Ẹni tó gbé Zeiss kalẹ̀ ní London ò lè rí i láéláé, kì í yọ lọ́dọ̀ wọn.

Mo padà sórí Dádì Ìkẹjà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bú àwọn olówó Lẹ́kí tán, mo ní kí wọ́n fojú kan án náà, wọ́n ṣáà ti ń díyelé ohun tí wọn ò tíì wò. Wọ́n ní kí lèmi fẹ́ wò níbẹ̀. Nǹkan kan ń tàn yanran lókè orí wa, wọ́n ní àgùàlà nìyẹn àbí? Mo ní rárá, Júpítà ni, àgùàlà kì í gòkè tó báyìí láago mẹ́wàá òru. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n tẹ̀ ba, pẹ̀lú ikùn yẹn, wọ́n di ojú kan, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, mo ní ẹ ti di ojú tó yẹ kẹ́ ẹ là. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Wọ́n dákẹ́.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń rí, ayé róbótó kékeré kan, ìlà méjì bíi ti aṣọ òfì lórí ẹ̀, àti òṣùpá ẹ̀ mẹ́rin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn mẹ́rin tí Galileo rí ní January 1610. Ní gbogbo ìgbà yẹn Ìyá àgbà ti ń pariwo látinú ilé ìdáná, "Yèsí ló wà lẹ́yìn ilé yẹn?", ìkọ́kọrẹ́ ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn nínú àwa méjèèjì.

Ó pẹ́ kí Dádì Ìkẹjà tó lahùn, wọn ò sì gbójú kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní "Báwo lo ṣe ní ó tóbi tó?" Mo ní ayé tá a wà yìí mọ́kànlá ló máa tò sí ìbú ẹ̀. Wọ́n ní "Ilẹ̀ ibẹ̀ á mà pọ̀ o." Mo ní Dádì, kò sílẹ̀ níbẹ̀, gáàsì lẹ̀ ń wò yẹn.

Wọ́n ní, "Gáàsì? Èló ni kílò?"